Bí Mo Ṣe Ń Fi Àfọ́kù Ìgò Ṣe Ìlẹ̀kẹ̀ l'Ábẹ́òkúta

Ìlẹ̀kẹ̀ kan tó là lọ́rùn oníbàárà ló kọ́ mi ní iṣẹ́ yìí. Ìyá kan ní Ìbarà ló ní kí n ṣe é fún wọn, wọ́n fẹ́ fi lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn. Àwọ̀ ewé ni, ó tóbi tó ẹyin ẹyẹlé, ó sì ń dán. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n pè mí. Wọ́n ní àwọn jókòó jẹ́jẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án, àfi "tá!", ó pín sí méjì. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò gé wọn lára. Mo dá owó wọn padà, mo bẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n oorun ò kùn mí lóru ọjọ́ náà, torí mi ò mọ ohun tí mo ṣe tó fi là.

Mo rò pé iná ni ò tó. Mo fi èédú kún èédú, mo fẹ́ iná títí irun ojú mi fi jó, ìlẹ̀kẹ̀ túbọ̀ ń là ni. Ìgbà tí mo lọ jókòó ti àwọn onílẹ̀kẹ̀ Krobo ní Odumase, ní ilẹ̀ Gánà, tí mo lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ́dọ̀ wọn, ni mo tó mọ̀ pé iná mi ò jẹ̀bi. Bí mo ṣe ń mú un tutù ni ẹ̀bi wà. Yíyọ́ gíláàsì rọrùn ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Mímú un tutù láìjẹ́ kó bínú, iṣẹ́ gan-an nìyẹn. Ibẹ̀ ni gbogbo àlàyé mi yìí ń lọ.

Ọmọ aládìrẹ ni mí, Ìtòkú ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ láfún ni ìyá mi fi ń kọ aṣọ: wọ́n á kọ Olókun, wọ́n á kọ Ìbàdàndùn, wọ́n á wá rẹ ẹ́ sínú aró. Èmi, ìgò ló ń wù mí. Ṣé ẹ rántí ìgò búlúù kékeré tí wọ́n ń ta oògùn inú rírun sí láyé àtijọ́? Màá gbé e sójú oòrùn lórí àpáta ẹ̀yìn ilé wa, màá máa wo àwọ̀ aró tó ń tàn sílẹ̀. Mo ti dàgbà kí n tó gbọ́ pé Olókun tí ìyá mi ń kọ sáṣọ tún ni orúkọ igbó tí àwọn baba ńlá wa ti ń ṣe gíláàsì. Igbó Olókun nìyẹn, ní Ilé-Ifẹ̀. Leo Frobenius tó wá láti Jámánì ti débẹ̀ ní ọdún 1910, ṣùgbọ́n ọmọ wa, Abídèmí Babátúndé Babalọlá, ló padà lọ walẹ̀ ibẹ̀ dáadáa láàárín ọdún 2010 sí 2012. Ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó lé ní 12,000 ló rí, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì. Iṣẹ́ ibẹ̀ wáyé láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tí wọ́n yẹ gíláàsì náà wò, èròjà inú rẹ̀ yàtọ̀ sí ti Lárúbáwá, ó yàtọ̀ sí ti Yúróòpù. Ohun tó wà ní àyíká wọn ni wọ́n fi ṣe é. Ọjọ́ tí mo kà á, mo pe ìyá mi, mo sì sunkún lórí fóònù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ gbangba: ohun tí mo fẹ́ kọ́ yín kì í ṣe bí a ṣe ń sọ iyanrìn di gíláàsì. Ìyẹn gba ooru tó sún mọ́ 1,500°C ní ilé iṣẹ́ òde òní. Àwa ó mú gíláàsì tí ẹlòmíì ti ṣe, ìgò, a ó lọ̀ ọ́, a ó sì tún un yọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn Krobo ń ṣe. Àwọn Masaga ní Bídà, ní ilẹ̀ Nupé, náà ń yọ́ ìgò fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹ̀gbà ọwọ́, àmọ́ orí irin ni tiwọn, wọ́n ń yí i lójú iná. Ti Krobo rọrùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, torí amọ̀ ló ń di ìlẹ̀kẹ̀ mú, kì í ṣe ọwọ́ yín.

Ìgò la ó kọ́kọ́ wá. Ẹ má lọ fọ́ ìgò tí ilé iṣẹ́ ọtí ń gbà padà. Owó ìyá olóúnjẹ kan wà lórí rẹ̀. Èyí tí ẹnu rẹ̀ ti kán ni kí ẹ béèrè. Mo ní ìyá mẹ́ta ní Pánṣẹ́kẹ́ àti Kútọ̀ tí wọ́n ń kó ti wọn jọ sínú àpò ìrẹsì fún mi, mo sì ń san owó díẹ̀. Ìgò kan tó wúwo tó ìdajì kílò lè bí ìlẹ̀kẹ̀ bíi 80, tí ìkọ̀ọ̀kan wọn bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀.

Ẹ ya ìgò sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: búráùn lọ́tọ̀, àwọ̀ ewé lọ́tọ̀, funfun tó mọ́ gaara lọ́tọ̀, búlúù lọ́tọ̀. Kì í ṣe tìtorí àwọ̀ nìkan. Gíláàsì kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń fẹ̀ bó bá gbóná àti bó ṣe ń sún kì bó bá tutù. Bí ẹ bá fi méjì tí ìwà wọn ò dọ́gba sínú ìlẹ̀kẹ̀ kan, ọ̀kan á fà, èkejì á kọ̀, ìlẹ̀kẹ̀ á là bó ti wù kí ẹ ní sùúrù tó. Ìgò ọtí àti ìgò mínírà sábà máa ń bára wọn gbé, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ fi ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta dán wọn wò. Àwo gíláàsì tí wọ́n fi ń se oúnjẹ nínú ààrò kò gbọ́dọ̀ bá ìgò pàdé láéláé, torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má fẹ̀ rárá bó bá gbóná.

Àwọn kan wà tí mi ò fẹ́ kí ẹ fọwọ́ kàn: ọ̀pá iná fúlọ́rẹ́sẹ́ǹtì, torí èròjà mẹ́kúrì inú rẹ̀, gíláàsì tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ onídìí ńlá, torí òjé wà nínú rẹ̀, gíláàsì iwájú mọ́tò, torí rọ́bà tó wà láàárín rẹ̀. Mo rí ọmọkùnrin kan ní Lafẹ́nwá tó ń fọ́ tẹlifíṣọ̀n fún bàbà inú rẹ̀, ó sì ní òun á máa kó gíláàsì rẹ̀ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Mo dúpẹ́, mo kọ̀ ọ́, mo sì jókòó ti ọmọ náà, mo ṣàlàyé ìdí tí òun náà fi gbọ́dọ̀ bo ẹnu àti imú rẹ̀.

Ẹ rẹ ìgò sínú omi ọṣẹ mọ́jú, ẹ ha bébà rẹ̀ àti gọ́ọ̀mù ibẹ̀ kúrò pátápátá. Gọ́ọ̀mù tó bá ṣẹ́kù á di àmì dúdú nínú ìlẹ̀kẹ̀. Lẹ́yìn tó bá gbẹ, ẹ fi ẹ̀mú gbé e sí ẹ̀gbẹ́ iná títí á fi gbóná, kí ẹ sì jù ú sínú garawa omi tó ní ìdérí. Á sán wẹ́wẹ́, ọmọ odó ò sì ní jà mọ́. Ẹ ó rí i pé ohun tó ń ṣe wá níbi, ìtútù òjijì, òun náà ló ń ṣiṣẹ́ fún wa níhìn-ín.

Odó irin ni mo fi ń gún un. Wẹ́dà kan ló gé páìpù ọkọ̀ akẹ́rù fún mi, ó jó ìsàlẹ̀ rẹ̀ pa. Ẹ fi aṣọ tó nípọn bo ẹnu odó, kí ọmọ odó gba àárín rẹ̀ kọjá. Ẹ wọ ìbòmú tó dára, kì í ṣe aṣọ lásán, ẹ wọ awò tó bo ojú yípo. Eruku gíláàsì kì í dùn ẹ̀dọ̀fóró lónìí. Ọdún mẹ́wàá sí i ni yóò béèrè owó rẹ̀. Ẹ máa wọ́n omi sílẹ̀ níbi iṣẹ́, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá a. Bí ẹ bá gún un tán, asẹ́ ògì tó kúná ni kí ẹ fi sẹ́ ẹ. Ìyàtọ̀ ni mo ń fẹ́: èyí tó kúná bí ìyẹ̀fun, èyí tó dà bí iyọ̀, èyí tó dà bí gààrí. Ìyẹ̀fun máa ń fún wa ní ìlẹ̀kẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ò là kọjá. Bí hóró gíláàsì bá ṣe tóbi tó ni ìlẹ̀kẹ̀ á ṣe mọ́ gaara tó. Ẹ fi òòfà rìn lórí rẹ̀ kí ẹ tó gbé e pamọ́, torí odó irin máa ń já èérún sí i, èérún yẹn á sì di dúdú nínú iná.

Ọ̀rọ̀ kàn àwo amọ̀. Ó dà bí àwo tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré ayò, ihò púpọ̀ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ihò tiwa kéré, kò ju kí àtàǹpàkò wọ̀ ọ́. Ẹ po amọ̀ pọ̀ mọ́ àpáàdì tí ẹ ti lọ̀, kí ó má baà là nínú iná. Ẹ tẹ́ ẹ ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, ẹ fi igi tí ẹ ti gbẹ́ orí rẹ̀ rúbúrúbú tẹ ihò sí i, ẹ sì fi ìṣó tẹ kòtò kékeré sí àárín ìsàlẹ̀ ihò kọ̀ọ̀kan. Kòtò kékeré yẹn ṣe pàtàkì, ẹ ó rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Ẹ sá a sí ibòòji fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ sun ún bí wọ́n ṣe ń sun ìkòkò.

Kí ẹ tó da gíláàsì sí i, ẹ fi efun kùn ún. Efun gidi ni mo wí, amọ̀ funfun, kì í ṣe ṣọ́ọ̀kì àwọn olùkọ́. Ẹ po ó bí ẹ̀kọ mímu, ẹ fi kun inú ihò kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá. Efun ni kì í jẹ́ kí gíláàsì lẹ̀ mọ́ amọ̀. Ọjọ́ tí mo gbàgbé ihò mẹ́rin láìkùn, òòlù ni mo fi yọ ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwo náà sì lọ pẹ̀lú wọn.

Báyìí, ihò okùn. Báwo ni ìlẹ̀kẹ̀ ṣe máa ní ihò tí ẹnikẹ́ni ò lu ú? Ẹ̀gẹ́ ni. Ọ̀pá tó gbé ewé ẹ̀gẹ́ dúró, tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, òun la máa ń kán ní sísẹ̀-ń-tẹ̀lé, tí a ó fi èèpo rẹ̀ so wọ́n, tí a ó fi kọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀. Àwọn ará Krobo gé ọ̀pá yẹn kan náà kúkúrú, wọ́n sì fi gún inú kòtò kékeré ìsàlẹ̀ ihò kó dúró ṣánṣán, kí wọ́n tó da gíláàsì yí i ká. Nínú iná, gíláàsì á yọ́ yí i po, ọ̀pá á jó di eérú, ihò á ṣẹ́kù. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i ní Odumase, mo ṣáà ń rẹ́rìn-ín ayọ̀. Gbogbo Ẹ̀gbá ń jẹ láfún, oko ẹ̀gẹ́ wà ní gbogbo ẹ̀yìn ìlú wa, a sì ń ju ọ̀pá yìí nù. Èyí tó tutù díẹ̀ dára ju èyí tó ti gbẹ lọ, torí gbígbẹ máa ń yára jó kí gíláàsì tó dúró.

Ẹ da gíláàsì sí i títí á fi ga díẹ̀ ju ẹnu ihò lọ, ẹ rọra kan àwo náà mọ́lẹ̀ kó sún. Gíláàsì lílọ̀ máa ń wọlẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́ta, nígbà míì jù bẹ́ẹ̀, bó bá yọ́. Bí ẹ bá fẹ́ ìlà àwọ̀, ẹ fi síbí kékeré dà á ní ìpele: funfun, búlúù, funfun. Ẹ fi abẹ́rẹ́ fa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sísàlẹ̀, ìlà á tẹ̀ bí igbi omi.

Ìléru mi wà ní ẹ̀yìn ilé l'Ásérò. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bi mí pé kí ló dé tí mi ò ra ti mànàmáná. Ti mànàmáná dára gan-an bí iná yín bá dúró. Tèmi kì í dúró, bí iná bá sì lọ lójijì ní àárín iṣẹ́, ìlẹ̀kẹ̀ tí ẹ ti fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe á tutù bó ṣe wù ú. Amọ̀ ògán ni mo fi mọ tèmi, bí àwọn Krobo ṣe ń ṣe, torí amọ̀ tí ikán ti tò kì í tètè là nínú ooru. Ó dà bí ààrò búrẹ́dì kékeré: iná nísàlẹ̀, pẹpẹ amọ̀ oníhò láàárín tí àwo ń jókòó lé, ẹnu kan níwájú, ihò èéfín lẹ́yìn. Igi ni mo fi ń dá iná, màá wá fi èèpo ẹkùrọ́ kún un, torí ó ń jó pẹ́, ó sì ń gbóná gan-an.

Ẹ wọ òwú nìkan níwájú iná. Ẹ má wọ ọ̀rá, ẹ má wọ aṣọ tó ń yọ̀. Ó máa ń yọ́ mọ́ ara. Ẹ di irun yín, ẹ lé àwọn ọmọdé jìnnà. Omi wà nítòsí fún ara yín, kì í ṣe fún àwo gbígbóná.

Mi ò ní ohun ìwọ̀n ooru fún ọdún méjì àkọ́kọ́, ojú ni mo fi ń wọ̀n ọ́n, mo sì gbà pé ó yẹ kí ẹ kọ́ ti ojú kí ẹ tó ra ẹ̀rọ. Bí inú ìléru bá pupa ṣókùnkùn bí obì àbàtà, ó wà ní nǹkan bí 650°C. Gíláàsì ò tíì ṣe nǹkan kan. Bó bá pupa bí ata rodo tó pọ́n, ó ti tó 750°C. Ẹ gbé àwo wọlé ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, lẹ́yìn tí ẹ ti jẹ́ kó yá iná lẹ́nu ọ̀nà. Bó bá ń lọ sí àwọ̀ ọsàn, ó ti ń kọjá 850°C. Ẹ dín iná kù. Ìṣẹ́jú 20 sí 35 ni iṣẹ́ ń gbà. Ẹ máa yọjú wò ó. Ìyẹ̀fun á kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ra bí ṣúgà tí omi kán sí. Ẹ dúró. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ á rí gbágungbàgun bí èèpo ọsàn. Ẹ ṣì dúró. Bí ojú rẹ̀ bá wá tẹ́ pẹrẹsẹ tó ń dán bí oyin, ó ti jinná. Ẹ má fi sílẹ̀ kọjá ibẹ̀, torí gíláàsì ìgò tó bá pẹ́ jù nínú ooru yẹn máa ń funfun, á dà bí ojú tí awọ bò.

Bó bá jẹ́ àfọ́kù wẹ́wẹ́ ni ẹ lò dípò ìyẹ̀fun, ẹ má fi ọ̀pá ẹ̀gẹ́ sí i. Bó bá ti rọ̀, ẹ mú irin méjì tó mú ṣóńṣó: ẹ fi ọ̀kan gún un láàárín, ẹ fi èkejì yí i nínú ihò amọ̀ títí á fi ṣe rúbúrúbú. Ọwọ́ ni yóò kọ́ yín ju ọ̀rọ̀ lọ. Ogún àkọ́kọ́ mi dà bí ẹyìn tí òkété jẹ kù.

Wàyí o, ìtútù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ níhìn-ín.

Ẹ wo ẹ̀kọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bù sínú abọ́. Ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ dì, á ta awọ, nígbà tí inú rẹ̀ ṣì ń jóni lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ni gíláàsì. Ara òde á tutù, á le, inú á ṣì gbóná. Ohun gbígbóná tó bá ń tutù a máa sún kì. Nígbà tó bá wá kan inú láti sún kì, òde ti le, kò lè bá a lọ. Inú á máa fà, òde á máa kọ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ á tutù délẹ̀, ẹ ó gbé e sọ́wọ́, ẹ ó rò pé ó ti parí, ìjà yẹn ṣì wà nínú rẹ̀. Ó lè wà níbẹ̀ fún wákàtí kan, ó lè wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, bíi ti ìyá Ìbarà. Atẹ́gùn díẹ̀ tó tutù, àbí kó kàn kan bọ́tìnnì aṣọ, ó tán.

Ohun tó ń parí ìjà náà ni kí ẹ dá ìlẹ̀kẹ̀ dúró níbi tó ti le tó láti má ṣe yí padà, ṣùgbọ́n tí kò tíì le tó láti di ìjà mọ́nú. Fún gíláàsì ìgò, ibẹ̀ wà ní nǹkan bí 550°C. Ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀ títí inú àti òde á fi gbóná dọ́gba, kí gbogbo fífà yẹn tú, kí ẹ tó jẹ́ kí ó sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èmi ń pè é ní títẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ sùn.

Báwo lẹ ṣe máa mọ 550°C láìní ẹ̀rọ? Òkùnkùn lẹ máa fi mọ̀ ọ́n. Ohunkóhun tó bá gbóná, irin tàbí amọ̀, máa ń yọ pupa, pupa yẹn a sì máa kú bó bá ṣe ń tutù. Ní nǹkan bí 525°C ni ojú èèyàn ò ní rí i mọ́, kódà nínú òkùnkùn. Ìdí nìyí tí mo fi ń dáná lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, kí ìlẹ̀kẹ̀ lè jinná nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú pátápátá. Màá pa gbogbo gílóòbù ẹ̀yìn ilé. Màá dí ihò èéfín ní ìdajì, màá jókòó, màá máa wo pupa yẹn bó ṣe ń rẹ̀ sílẹ̀, láti ata rodo sí obì, láti obì sí ohun tí ẹ ò mọ̀ bóyá ẹ rí i tàbí ẹ rántí rẹ̀. Níbẹ̀ gan-an. Màá ju ẹ̀kúnwọ́ èèpo ẹkùrọ́ kan sí i, kó má baà lọ sísàlẹ̀ jù, màá sì dì í mú níbẹ̀ fún ìdajì wákàtí fún ìlẹ̀kẹ̀ tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀. Lẹ́yìn náà màá fi amọ̀ tútù di gbogbo ẹnu ìléru pa, ẹnu iwájú, ihò ẹ̀yìn, ibi tí eérú ń gbà jáde, màá lọ sùn. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ṣí i títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Mo mọ bó ṣe máa ń wuni láti yọjú wò ó láàárọ̀. Bí ìléru bá ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ yín, kò tíì tó àkókò.

Bí ohun tí ẹ ń ṣe bá nípọn sí i, ẹ má kàn fi díẹ̀ kún àkókò. Ìnípọn ìlọ́po méjì ń gba àkókò ìlọ́po mẹ́rin. Ìlẹ̀kẹ̀ ìyá Ìbarà nípọn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, mo sì yọ ọ́ nínú iná, mo gbé e lé orí àpáta tútù kí n lè tètè rí i bó ṣe ń dán. Lórí àpáta! Títí dòní, bí mo bá rántí, ara mi máa ń bù mọ́ mi.

Ọ̀nà kan wà láti rí ìjà inú gíláàsì lójú, bó bá jẹ́ èyí tó mọ́ gaara. Ẹ ṣí kọ̀ǹpútà alágbèéká, kí ojú rẹ̀ funfun. Ẹ wá awò oòrùn irú èyí tí àwọn awakọ̀ ń lò, tó ń pa ìmọ́lẹ̀ dídán orí omi àti ọ̀dà títì. Ẹ gbé awò náà síwájú ojú kọ̀ǹpútà, ẹ máa yí i títí ojú kọ̀ǹpútà á fi ṣókùnkùn. Ẹ wá gbé ìlẹ̀kẹ̀ sí àárín àwọn méjèèjì. Bó bá ṣókùnkùn pẹ̀lú wọn, ó ti sùn dáadáa. Bí ìmọ́lẹ̀ tàbí àwọ̀ òṣùmàrè bá ń yọ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìjà wà níbẹ̀. Ẹ dá a padà sí ìléru, ẹ gbé ooru sókè pẹ̀lẹ́, ẹ tún un tẹ́ sùn. Kò bàjẹ́. Gíláàsì máa ń gbà kí a tún un ṣe.

Fífọ̀ rẹ̀ kò le, ó kàn ń gba apá ni. A ò kúkú wá òkúta tì ní Abẹ́òkúta. Ẹ wá èyí tó tẹ́, ẹ bu iyanrìn odò Ògùn sí i pẹ̀lú omi, ẹ to ìlẹ̀kẹ̀ sórí okùn wáyà, ẹ máa fi yí lórí rẹ̀ títí efun á fi kúrò tí ara rẹ̀ á sì jọ̀lọ̀. Àwọn ọmọ àbúrò mi ló ń ṣe èyí lọ́jọ́ Sátidé, orin ni wọ́n sì fi ń ṣe é.

Àwọn Krobo tún máa ń kọ nǹkan sára ìlẹ̀kẹ̀ tó ti jinná: wọ́n á po ìyẹ̀fun gíláàsì aláwọ̀ mọ́ omi, wọ́n á fi ohun ṣóńṣó kọ ọ́, wọ́n á dá a padà síná lẹ́ẹ̀kejì. Ibí ni iṣẹ́ ìyá mi ti wọnú tèmi. Mo gba ìyẹ́ adìyẹ wọn, mo fi kọ Olókun sára ìlẹ̀kẹ̀, búlúù lórí funfun. Ìyẹ̀fun yìí gbọ́dọ̀ wá láti inú ìgò tó bá ti ìlẹ̀kẹ̀ mu, kí ó sì kúná ju gbogbo èyí tí ẹ ti lò lọ. Ìyá mi wo àkọ́kọ́, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní ìlà igun rẹ̀ wọ́. Wọ́n gba ìyẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n tún un fà. Láti ọjọ́ náà, àwọn ni wọ́n ń kọ èyí tó dára jù.

Ẹni tí iná bá ń dẹ́rù bà lè máa fi gíláàsì ṣọnà láìdáná. Yusuf Grillo, ọmọ Èkó tó jáde láyé ní 2021, fi gíláàsì aláwọ̀ ṣe ọ̀pọ̀ fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tí irú iṣẹ́ yẹn ń béèrè ni ọ̀bẹ gíláàsì onítáyà, òjé tí wọ́n fi ń gbá ẹ̀gbẹ́ gíláàsì mú, àti ọwọ́ tó dúró. Kí ẹ fa ọ̀bẹ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìtún un fà, kí ẹ tó ṣẹ́ gíláàsì lójú ìlà. Ìyẹn gba ọjọ́ tirẹ̀, ẹlòmíì ló sì yẹ kó kọ́ yín, torí èmi ò tíì mọ̀ ọ́n dáadáa.

Bí ẹ bá fọ ìlẹ̀kẹ̀ yín tán, ẹ má tíì tà á. Ẹ kó o sínú abọ́ tánganran, ẹ gbé e sí ibi tí ẹ ti lè máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Tèmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ọjọ́ méje. Èyí tó bá máa là á dún "tá!" nínú abọ́ lóru. Ẹ dìde láàárọ̀, ẹ ṣà á jáde, ẹ kọ iye wákàtí tí ẹ fi tẹ́ ẹ sùn sínú ìwé, ẹ dà á padà sínú odó. Èyí tó bá dákẹ́ títí di ọjọ́ kejọ, òun ni kí ẹ sín sórí okùn.